Bátìrì Rédíò Màmá

Àkànmú wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìé lẹ́yìn iléèwé,
ó gbé idà dání, idà páálí,
páálí tí wọ́n fi kó tòmátò alágolo wá;
àwòrán tòmátò ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà fàdákà.
"Àǹtí, mo fẹ́ kó máa tàn."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Fóònù mẹ́ta ló ṣí ikùn sílẹ̀ níwájú mi.
Mo ní, ta ni wọ́n ní kóo ṣe nínú eré náà?
Ó ní ọmọ ogun kejì.
Kí ni ọmọ ogun kejì máa sọ?
Ó wo ilẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan.
Á kàn dúró ti ọba ni, títí wọ́n á fi pa á.

Ó dáa. Fa àpótí yẹn, jókòó.
Wo iná wẹẹrẹ yìí, kò ju kóró ìbẹ́pẹ lọ.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ó ń tiro:
èyí tó gùn ló mọ ọ̀nà orí bátìrì,
èyí tó kúrú, ìdí ló ń lọ.
Bóo bá gbé e sódì, kò ní bínú,
yóò kàn dijú ni, bí ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ pè.

Ó jẹ́wọ́ nígbà náà pé òun ti dán ọ̀kan wò lánàá,
pẹ̀lú bátìrì onígun mẹ́rin inú mítà mi.
(Ìdí nìyẹn tí mítà fi yadi láàárọ̀!)
Ó tàn gbòò, ó rùn, ó kú.
Mo ní, ọ̀fun bíńtín, o gbé kànga dà sí i.
Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ti tó o.
Tó bá di mẹ́ta, wá ẹni kékeré yìí kóo fi dènà,
onílà lójú bíi tàwọn baba ńlá wa,
kò níṣẹ́ méjì ju kó máa sọ fún iná pé: rọra.

Mẹ́fà la tò sí gígùn idà.
Má jẹ́ kí wọ́n máa gba ife lọ́wọ́ ara wọn,
ẹni iwájú á mu àmuyó,
ẹni ẹ̀yìn á máa fahọ́n lá ìsàlẹ̀.
Ṣe é bí àkàbà: wáyà pupa níhìn-ín, dúdú lọ́hùn-ún,
kí oníkálùkù dúró lórí igi tirẹ̀.
Ó jó ìka. Ó fi í sẹ́nu, ó ń bá iṣẹ́ lọ.
A fi ọ̀rá piọ́-wọ́tà bò ó lójú,
kí ìmọ́lẹ̀ lè tú ká bíi wàrà.

Ó wá ku bátìrì. Owó rẹ̀ kò pé.
Àwa méjèèjì mọ ibi tí méjì wà:
nínú rédíò Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.
Màmá kò fún wa. A ò sì tọrọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn iléèwé, lẹ́yìn àwọn igi kajú.
Láyíwọlá jọba, adé ń yọ̀ bọ̀ ọ́ lójú.
Àkànmú fa idà yọ.
Òkùnkùn.
Ó tẹ súìṣì. Ó tún un tẹ̀.
Ta ló ki bátìrì yẹn? Èmi ni,
èmi tí mo ń fi ẹsẹ̀ gígùn ṣe ìwàásù!
Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn.
Ọmọ ogun kejì na ọwọ́ sí àwọn ọ̀tá: ẹ dúró ná.
Ó kúnlẹ̀, ó tú tépù, ó yí méjèèjì padà,
ó feyín gé tépù tuntun.
Ọba dúró. Ọ̀tá dúró.
Ìyáàfin Oyèlẹ́yẹ fọwọ́ bo ẹnu.

Ó tàn.
Funfun, láti ìdí dé ṣóńṣó,
nọ́ńbà fóònù àwọn oní-piọ́-wọ́tà hàn kedere lára idà ogun.
Ó kú síbi tí wọ́n ní kó kú sí.
Idà ń tàn nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọba mọ́.

Nígbà tí a délé, Màmá jókòó, rédíò lórí itan.
Kò bi wá. Ó kàn tẹ́ ọwọ́.
Àkànmú ki bátìrì padà, orí síbi orí;
ohùn oníròyìn jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
"Ṣé ó tàn?"
Ó tàn, Màmá.
"Ẹ bá sì ti sọ fún mi.
Méjì tó lágbára jù yìí lọ wà nínú tọ́ọ̀ṣì."